Aago Ni, Kì í Ṣe Omi Iyọ̀: Ìtàn Oògùn Ìdènà Oyún Pàjáwìrì

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ èyí tí wọ́n máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí káńtà kẹ́mísì, láti Ọba Akran títí dé Pen Cinema: oògùn tí obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kó má bàa lóyún.

Oògùn kò ṣàjèjì ní agbègbè wa yìí. May & Baker, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1944, wà ní Ìkẹjà di òní. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ló fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wá gba yàrá ní Agége, jìnnà sí ìyá àti àǹtí tí wọ́n lè bi ní irú ìbéèrè yìí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bi. Kí ni ọ̀rẹ́ ń sọ? Mu omi iyọ̀. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí kán-ún. Po Andrews. Gbé Ampiclox mì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: omi iyọ̀, inú ikùn ló ń lọ, kò dé ibi tí ẹyin wà. Ampiclox, kòkòrò àrùn ló ń pa. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń dènà oyún.

Báwo wá ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣe dé? Láàárín 1960 sí 1970, àwọn dókítà nílẹ̀ òkèèrè máa ń fún obìnrin ní estrogen rẹpẹtẹ, pàápàá àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èébì rẹ̀ kò kéré. Ní 1974, Albert Yuzpe, dókítà ará Kánádà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà mìíràn jáde: estrogen díẹ̀ pẹ̀lú progestin. Ní Hungary, iléeṣẹ́ Gedeon Richter ṣe Postinor, tó jẹ́ levonorgestrel nìkan.

Ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè 14. Nínú obìnrin 979 tó lo ọ̀nà Yuzpe, 31 lóyún. Nínú 976 tó lo levonorgestrel, 11 péré ni. Àmọ́ aago ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó lò ó láàárín wákàtí 24, ó dènà ìdá 95 nínú 100 oyún tí ì bá wáyé. Tó bá di wákàtí 49 sí 72, ó já wálẹ̀ sí 58.

Kí ló fà á? Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ 5, kó máa dúró de ẹyin. Levonorgestrel ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde. Tí ẹyin bá ti jáde, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣẹ́ oyún tó ti dúró.

Ibi tó yẹ ká fi yangàn rèé. Tẹ́lẹ̀, hóró kan ni wọ́n ní kéèyàn gbé mì, kó gbé ìkejì lẹ́yìn wákàtí 12. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní fáàtìrì, ìgbà wo ló máa rántí ìkejì? Ìwádìí WHO ní 2002 sọ pé a lè gbé méjèèjì mì pọ̀. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Nàìjíríà níbí, lára obìnrin 3,022. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò rẹ̀yìn sí ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ló jẹ́ ká mọ̀.

Nítorí náà, tí kọ́ńdọ̀mù bá ya, ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Tí ẹ bá bì í láàárín wákàtí 2, ẹ tún un lò. Tí nǹkan oṣù bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ pẹ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò oyún. Kọ́ìlì onírin-bàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ láàárín ọjọ́ 5 tún lágbára ju oògùn lọ, ó sì ń dènà oyún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ rántí pé oògùn yìí kì í dènà HIV.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà yín, ẹ ka wákàtí yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí wọ́n sábà máa ń bi léèrè. Ó dìgbà kan ná.