Ìgbà tí ó yẹ kí aláìsàn sọ ìfẹ́ inú rẹ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn baba wa, ọmọ Oòduà, tí wọ́n pa òwe yìí kò ní kí a dífá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì káwọ́ gbera, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní kí a dúró títí ọ̀ràn yóò fi dójú ọ̀gbagadè kí a tó gbé ọpọ́n kalẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn yìí kàn tó ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra.

Ẹ jẹ́ kí a mú àrùn kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni a sábà máa ń so mọ́ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá tán, tàbí tí ara kò gba ẹ̀rọ náà mọ́, ìdọ̀tí a kún inú ẹ̀jẹ̀, a sì da orí aláìsàn rú títí kò fi ní dá ọmọ tirẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹbí máa ń péjọ sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù: àkọ́bí ní kí wọ́n so baba mọ́ ẹ̀rọ tí ń bá ni mí, ìyàwó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa bọ̀ nílé, àbúrò tí ó wà ní London ń pariwo lórí fóònù pé owó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ ìdáhùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè fọhùn.

Ìgbà wo wá ni ó yẹ kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ìtọ́jú tí ó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́? Kì í ṣe ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ àrùn, nítorí ẹ̀rù ọjọ́ náà kì í jẹ́ kí etí gbọ́ran. Kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìgbà tí ọkàn bá ti balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni, kí a sì máa tún un sọ nígbàkúùgbà tí nǹkan bá yí padà: nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀, nígbà tí a bá ti ọsibítù dé, nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé ni bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bi ara wọn pé, bí aláìsàn yìí bá kú láàárín oṣù 12, ṣé yóò yà mí lẹ́nu? Bí kò bá ní yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n mọ̀ pé ó tó àsìkò. Òfin tí a ṣe níbẹ̀ ní 2005 sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìtọ́jú tí ó lè dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé, kí ó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí.

Àwọn kan yóò ní a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ikú. Ṣùgbọ́n àgbà ilẹ̀ wa a máa pe ọmọ jọ, a máa sọ ẹni tí yóò jogún oko, a sì máa tọ́ka sí ibi tí a ó sin òun sí. Ẹni tí ó lè sọ bí a ó ti tọ́jú òkú òun, kò lè jẹ́ èèwọ̀ fún un láti sọ bí a ó ti tọ́jú òun láàyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín ń bá jà, ní ọjọ́ tí ẹ bá tún ń lọ rí dókítà yín, ẹ mú ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dání, ẹ bi dókítà níwájú rẹ̀ ibi tí àìsàn náà lè já sí, ẹ sọ èyí tí ẹ lè fara dà àti èyí tí ẹ kò fẹ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́, kí a sì fi í pamọ́ sínú káàdì ọsibítù yín.