"Èló ni jálẹ̀ ẹ̀?": Bẹ́ ẹ ṣe lè dáhùn tí wọ́n bá ná àlòkù yín lówó kékeré

Ní ìparí ọdún 2023, mo gbé fíríìsà àlòkù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìkòròdú. Owó ilé mi ti pé, mo sì nílò owó kíákíá. ₦120,000 ni mo pè é. Kò tó wákàtí kan tí ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ fi kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ṣé ẹ máa gba ₦70,000?" Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n lọ ra kúlà, mo sì block wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ₦60,000 ni mo lu fíríìsà yẹn ní gbàǹjo.

Àṣìṣe mi ni pé mo ka ìnájà sí èébú. Bẹ́ẹ̀, ẹ dé ọjà Sábó ní Ìkòròdú tàbí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ta ló ń san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè? Ọlọ́jà á ní "kò gbà", oníbàárà á fi kún un, wọ́n á pàdé láàárín. Lórí fóònù, ẹ ò rí ẹ̀rín ẹni tó ń nájà. Iye owó nìkan lẹ rí, ìyẹn ló ń dun èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náírà náà tún wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 2023, CBN jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là. Náírà já wálẹ̀, ọjà òkèèrè gbówó lórí, tòkunbọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń tà ń wo iye tí tuntun ń lọ lónìí, ẹni tó ń rà ṣì ń rántí ti àná. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé:

1. Ẹ mọ jálẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbé ọjà síta. Ẹ wo iye tí irú ẹ̀ ń lọ lórí Jiji àti Facebook Marketplace lọ́jọ́ yẹn, ẹ ro àléébù ara ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ nílò owó. Tí jálẹ̀ bá jẹ́ ₦85,000, ẹ lè pè é ní ₦100,000.

2. Iye ni kẹ́ ẹ fi fèsì, ẹ má fi ìbínú fèsì. "Ẹ ṣé, mà. ₦70,000 ò gbà. Ẹ mú ₦95,000 wá. Ibo lẹ wà?" Ó tán.

3. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Láti Ìkòròdú gba Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́, ta ló máa sanwó ẹ̀? Ẹni tó san ₦80,000 tó wá gbé e fúnra ẹ̀ sàn ju ẹni tó san ₦90,000, tẹ́ ẹ máa fi ₦20,000 gbé e lọ fún.

4. Ẹni tó bá ń bèèrè jálẹ̀ láì tíì rí ọjà, ẹ ní kó wá wò ó ná. Tẹ́ ẹ bá máa dín owó, ẹ gba nǹkan dípò ẹ̀: kó sanwó lónìí, kó gbé e lónìí.

5. Ẹni tí kò ná an rárá lẹ máa ṣọ́ jù. Àwọn gbájú-ẹ̀ míì kì í nájà, wọ́n á kàn fi alert ayédèrú ránṣẹ́. Ẹ pàdé lọ́sàn-án, níbi térò pọ̀ sí, kẹ́ ẹ sì rí owó nínú àkáǹtì yín kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín.

6. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó ná yín wálẹ̀. Tọ́jà ò bá tà lọ́sẹ̀ kan, ẹ kọ̀wé padà sí i.

Èmi náà kọ̀wé padà sí ìyá Ẹ̀pẹ́ kí n tó ta fíríìsà yẹn, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Mo ti ra òmíì, bọ̀ọ̀dá. Ọkọ̀ tó ń bá mi kó ẹja ni ì bá wá gbé e. Mo ṣì fẹ́ fowó kún un lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."