Àṣírí Tó Wà Nínú Ẹ̀gẹ́ Wa

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí bá ìtàn ẹ̀gẹ́ mu gan-an ni. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, tó ń fi fùfú sùn lálẹ́, lè má mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe rìn jìnnà tó láti wá ohun tó wà lóko àwọn bàbá wa.

Àrùn kan wà tó ń bá ẹ̀gẹ́ jà. Ewé á kákò, á di aláwọ̀ méjì. Igi kò ní ga, iṣu rẹ̀ á sì tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kòkòrò funfun kékeré kan tó ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé e káàkiri, àwa náà sì ń tàn án ká bí a bá gé igi tó lárùn gbìn. Ará Jámánì kan, Warburg, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1894, ní ilẹ̀ tó di Tànsáníà lónìí.

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, H. H. Storey ń ṣiṣẹ́ ní Amani, ní ilẹ̀ yẹn kan náà. Ó da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan, irú igi rọ́bà kan tó wá láti Bùràsíìlì, kí ọmọ wọn lè jogún agbára. Èso irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé síbẹ̀. Láti ara ẹ̀gẹ́ Moor Plantation yìí ló ti mú irú tuntun jáde, bíi TMS 30572, táwọn àgbẹ̀ fi tayọ̀tayọ̀ gbà.

Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí? Rárá o. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn jọ, wọ́n rí i pé àrùn náà kò lè ṣe àwọn kan nínú wọn ní nǹkan kan tó burú. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ọkọ-Ìyàwó. Àwọn onímọ̀ fún un ní nọ́ńbà: TME 7. Kò sẹ́ni tó dá a pọ̀ ní yàrá ìwádìí. Àgbẹ̀ ń gé igi rẹ̀ fún àgbẹ̀ ni.

Kí ló wà lára rẹ̀? Iṣẹ́ àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé dé nìyẹn. Wọ́n á da ẹ̀gẹ́ alágbára pọ̀ mọ́ aláìlágbára, wọ́n á gbin àwọn ọmọ wọn lọ rẹpẹtẹ, wọ́n á ká ewé, wọ́n á yọ DNA inú rẹ̀, wọ́n á wá máa wo àmì táwọn alágbára jọ ní. Iṣẹ́ sùúrù ni! Báyìí ni Martin Fregene, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní CIAT ní Kòlóńbíà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan ará IITA, ṣe kéde ibi tí agbára náà wà ní 2002. Wọ́n pè é ní CMD2.

Àdúgbò ni wọ́n mọ̀, wọn ò tíì mọ ilé. Ní 2016, ìròyìn ìyanu jáde: bí wọ́n bá tọ́jú èérún Ọkọ-Ìyàwó nínú ìgò títí tó fi di odidi igi, agbára yẹn á pòórá! Àdììtú yìí gan-an ló di fìtílà. Wọ́n fi àwọn tó pàdánù agbára wé àwọn tí kò pàdánù. Nígbà tó di 2022, wọ́n rí i. Létà kan ṣoṣo ni, nínú DNA tí létà rẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù lọ. Ó wà nínú ìlànà tí ẹ̀gẹ́ fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń da DNA rẹ̀ kọ. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ ló ń yá lò.

Ọdún 128 ló wà láàárín 1894 àti 2022. Ká ní àwọn àgbẹ̀ ti sun Ọkọ-Ìyàwó níná nígbà tí irú tuntun dé ńkọ́? Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ì bá rí kà? Ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun ló sì fẹ̀yìn ti CMD2 kan náà yìí. Fáírọ́ọ̀sì kì í sùn: oríṣi méjì pàdé ní Ùgáńdà, wọ́n bí èyí tó le jù wọ́n lọ, ó sì run oko lọ bẹẹrẹbẹ láàárín ọdún 1990 sí 2000. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sábúlé, tí ẹ rí ẹ̀gẹ́ àtijọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fà á tu.