Martín Dihigo: Ọ̀gá tí A Ti Ilẹ̀kùn Mọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè." Ìtàn Martín Dihigo, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, jẹ́ ohun tí a lè fi yẹ òwe yìí wò. Ta ni kò mọ iyì ọkùnrin yìí títí ó fi kú? Kí sì ni ó fà á?

Ní ọdún 1906 ni a bí Dihigo ní ìlú Cidra, ní agbègbè Matanzas. Ilẹ̀ oko ìrèké ni Matanzas, ó sì wà lára ibi tí a kó àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Yorùbá lọ, àwọn tí a ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà. Ogún ọdún péré lẹ́yìn náà ni a bí Dihigo.

Eré bésíbọ́ọ̀lù ni àwọn ará Kúbà fẹ́ràn jù lọ. Ènìyàn 9 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, alátakò rẹ̀ yóò fi igi gbá a, yóò sì sáré; àwọn yòókù yóò máa ṣọ́ pápá láti hán bọ́ọ̀lù náà. Ipò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ eléré máa ń mọ̀ dunjú. Ní ti Dihigo, kò sí ibi tí a fi í sí lórí pápá tí kò tayọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní El Maestro, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọ̀gá.

Ní ọdún 1923, Dihigo bá ẹgbẹ́ Cuban Stars lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún yẹn gan-an, ọmọ Kúbà mìíràn, Adolfo Luque, ju bọ́ọ̀lù borí nígbà 27 fún ẹgbẹ́ Cincinnati nínú líìgì ńlá. Ilẹ̀ kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì. Àwọ̀ ara ni ó pín ọ̀nà wọn níyà. Aláwọ̀ funfun ni Luque. Àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ nínú líìgì ńlá ti fohùn ṣọ̀kan láti má gba aláwọ̀ dúdú. Líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ṣí sílẹ̀ fún Dihigo. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọdún 1900, dúdú àti funfun jọ ń ṣeré pọ̀ nínú líìgì Kúbà. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà pàápàá ń wá síbẹ̀ ṣeré ní ìgbà òtútù.

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni agbára rẹ̀ ti hàn gbangba jù lọ. Ní ọdún 1938, Dihigo ju bọ́ọ̀lù borí nígbà 18, ó pàdánù nígbà 2 péré. Ní ọdún kan náà, òun ni ó tún gba ipò kìíní nínú àwọn tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì náà.

Nígbà tí Jackie Robinson ṣí ilẹ̀kùn líìgì ńlá ní ọdún 1947, Dihigo ti pé ẹni 40 ọdún. Ọmọ Matanzas mìíràn, Orestes Miñoso, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ni ó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé ní ọdún 1949.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òwe wa. Kúbà fi Dihigo sínú ilé ìrántí àwọn akọni eléré ní ọdún 1951. Mẹ́síkò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1964. Ó kú ní ọdún 1971. Ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà tó dá a lọ́lá. Miñoso náà kú ní ọdún 2015, kí wọ́n tó gbà á wọlé ní ọdún 2022. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àwọn aláṣẹ tó kéde pé àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1920 sí 1948 bá líìgì ńlá dọ́gba.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ayé ni òwe náà bá wí. Àwọn tí ó gba Dihigo mọ́ra rí iyì rẹ̀ láàyè; àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni ó dúró de ikú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù fún àríyànjiyàn ni èyí: ẹni tí a kò jẹ́ kí ó wọ pápá nígbà tí agbára wà lára rẹ̀, kí ni ère lè san padà fún un?