Pípè wá jíhìn kì í ṣe pípè lẹ́jọ́: agbára ìbéèrè àwọn aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1990

Nínú òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, abala 113 ka ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́ lè gbà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò: ìbéèrè orí ìwé, ìbéèrè ẹnu, ìgbìmọ̀ ìwádìí, àti èyí tí Faransé ń pè ní interpellation.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro túmọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Faransé ń lò. Tí a bá sọ pé wọ́n ‘pe mínísítà lẹ́jọ́’, ẹni tó gbọ́ ọ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ á máa retí ìdájọ́. Kò sì sí ìdájọ́ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí abala 71 ti wí, ààrẹ lè dáhùn fúnra rẹ̀, ó sì lè rán mínísítà kan. Lẹ́yìn náà, ìmọ̀ràn nìkan ni Ilé lè fún ìjọba. Ẹjọ́ gidi yàtọ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ‘pè wá jíhìn’ ni mo fara mọ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jíhìn, ìbáà ṣe ti owó, ìbáà ṣe ti ìwà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é? Ní 2019, ẹgbẹ́ méjì tó ń ti ààrẹ lẹ́yìn ló pín gbogbo ìjókòó 83. Ní 2023, ẹgbẹ́ alátakò gba 28 nínú 109. Iye yìí kò lè gbé mínísítà kankan lọ sílé ẹjọ́. Ó tó láti kọ ìbéèrè.