Ọ̀nà Ọjà, Ọ̀nà Tírélà àti Báípáàsì ní Ìbàdàn

Ọ̀nà ọjà ni ọ̀nà tó ya lára òpópónà márosẹ̀, tó gba àárín ìlú kọjá níbi tí ilé ìtajà pọ̀ sí, tó sì tún lọ pàdé òpópónà náà lódì kejì. Ọ̀nà tírélà ni èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Báípáàsì ni ọ̀nà tó yí ìlú po, tí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe nínú ìlú lè gbà kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ojú pátákó ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni òpópónà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń jẹ́, wọn a wá kọ BUSINESS, TRUCK tàbí BYPASS sókè nọ́ńbà ọ̀hún. Ìbàdàn ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni pátákó tiwọn. Ẹni tó bá dúró ní Òjóò tó gbọ́ “Sángo, Mókólà, Dùgbẹ̀!” ti gbọ́ orúkọ ọ̀nà ọjà. Bí wọ́n bá ké “Ìwó Road!”, báípáàsì ni wọ́n ń pè é sí.

Òpópónà tí gbogbo wọn ya lára rẹ̀ ni A1, tó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, tó gba Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin lọ sí òkè Ọya. Apá ti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 127, ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí ní 1978. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ á gba Abẹ́òkúta kó yọ sí Apátá, tàbí kó gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù. Èyí tó wù kó gbà, bó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, àárín ìgboro ni yóò là kọjá: Dùgbẹ̀, Mókólà, Sángo, ẹnu géètì Yunifásítì, Àgbowó, kó tó já sí Òjóò. Ọ̀nà àgbà ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1906.

Ohun tó sọ ojú ọ̀nà àgbà yẹn di ọ̀nà ọjà ti wà ṣáájú mọ́tò. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ Dùgbẹ̀. Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀ ni oníṣòwò ń kọ́lé sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó, àwọn báńkì àti àwọn aláṣọ ọjà Gbági ṣe rọ̀gbà yí ibẹ̀ ká. Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, dìde láàárín wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè, Dùgbẹ̀ náà ni mọ́tò ń wá. Lókè lọ́hùn-ún, Àgbowó rí oúnjẹ oòjọ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà nítorí pé ó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948: ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dà ìwé, alátùn-únṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà, olóúnjẹ. Afárá Mókólà, tí ìjọba Gómìnà Ajímọ̀bí ṣí ní 2013, ni ìtọ́jú ńlá tí ọ̀nà yìí rí gbà ní àkókò wa.

Láti gba ìgboro sílẹ̀, ìlú kọ́kọ́ gbìyànjú ní ìhà gúúsù. Títí dòní, ilé wà ní Òkè-Àdó tí àdírẹ́sì wọn ń jẹ́ Lagos By-Pass. Bí ẹnì kan bá rìn níbẹ̀ lónìí, kò ní rí ohun tí ọ̀nà náà ń yà fún. Ìgboro ti bò ó mọ́lẹ̀, orúkọ nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí. Ring Road ní ìtàn tó jọ ọ́. Orúkọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ pé òrùka ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́, ọ̀nà tí yóò yí ẹsẹ̀ ìlú po láti Challenge. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ takisí míkírà kan bó bá mọ̀ ọ́n lórúkọ yẹn. Pápá ìṣeré Liberty, tí wọ́n kọ́ ní 1960, wà ní àdúgbò yìí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìpẹ̀kun ìlú. Báńkì, ilé epo, ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà ńlá Palms ló wà lójú Ring Road nísinsìnyí. Òrùka tí a fi sọ́wọ́ ọmọdé nìyẹn: ọmọ dàgbà, òrùka há.

Báípáàsì tí Ìbàdàn tíì ní tó ṣiṣẹ́ jù ni ti 1978. Òpópónà Èkó kò wọ ìgboro rárá. Ní Toll Gate ni ẹni tó ń lọ sí Challenge ti ń yà. Òpópónà fúnra rẹ̀ á gba ìlà oòrùn, á lọ sí Ìwó Road, á sì tibẹ̀ rọ́ lọ sí Òjóò kó tó kọjú sí Ọ̀yọ́. Kò sí owó ibodè mọ́ ní Toll Gate láti 2004 tí Ọbásanjọ́, tó ti padà di ààrẹ alágbádá, ti ní kí wọ́n wó gbogbo irú ibodè bẹ́ẹ̀. Oníbodè lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ. Ìwó Road pẹ̀lú jẹ́ orúkọ ọ̀nà tó di orúkọ àdúgbò: ẹni tó ń lọ sí Ìwó, Ilé-Ifẹ̀, Èkó àti Ọ̀yọ́ ló ń pàdé níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ já sí Gate àti Agodi. Ibi tí ọ̀nà márùn-ún bá ti pàdé, gáréèjì kò ní pẹ́ dé. Bí gáréèjì bá sì dé, aláta, alágbo, fọkanáísà, oníbúrẹ́dì àti alágbàbọ̀ dé tán. Ìjọba Gómìnà Mákindé kọ́ ibùdókọ̀ ìgbàlódé sí Ìwó Road, Òjóò, Challenge àti Ọ̀nà Ifẹ̀ Tuntun kí ọkọ̀ má bàa máa dúró sójú títì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá tírélà lẹ́bi fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro, wọ́n á ní kí ló dé tí kò gba báípáàsì. Mo fẹ́ kí a wò ó dáadáa. Tírélà tó ń gbé sìmẹ́ńtì lọ sí Ìlọrin kò ní iṣẹ́ kankan ní Sángo, kò sì ń lọ ibẹ̀. Èyí tí a ń rí nínú ìgboro, ọjà wa ló gbé e wọlé. Ní 1987 ni àwọn olóúnjẹ kó láti Oríta Mẹ́rin lọ sí ọjà Bódìjà. Àdúgbò ilé gbígbé ni Bódìjà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ẹ̀sìtéètì rẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Láti 1987 tí ọjà ti dé ibẹ̀, ẹ̀wà, ìrẹsì, àgbàdo, ẹlùbọ́ àti iṣu ń ti òkè Ọya àti Òkè Ògùn wọ ibẹ̀, ọ̀nà tí tírélà fi ń dé ọjà náà sì ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì ń gbà. Kò sí báípáàsì tó lè wo irú àìsàn yìí, nítorí ìlú gan-an ni ẹrù náà ń bọ̀.

Oògùn tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni gbígbé ọjà lọ bá òpópónà. Àwọn aláṣọ ti ní ọjà Gbági Tuntun lójú Ọ̀nà Ifẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti lè já ẹrù láì wọ Dùgbẹ̀. Ní 2018, ìjọba pàṣẹ kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí ilé ìpẹran Àmósùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ìjà ńlá ló bá ìkólọ yẹn rìn, ẹ̀jẹ̀ èèyàn sì ta sílẹ̀, èyí tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ibi tí màlúù yóò ti sọ̀. Ní Ṣáṣá, lẹ́bàá Òjóò, tòmátì àti ata ní ọjà tiwọn tó sún mọ́ òpópónà. Rélùwéè tuntun láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2021, pẹ̀lú kò dé Dùgbẹ̀ mọ́: Mọ́níyà ni ibùdó rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti ya.

Báípáàsì tó kù láti sọ ni Circular Road, tí wọ́n fi orúkọ Rashidi Ládọjà sọ. Kìlómítà 110 ni gbogbo rẹ̀. Kí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù lè mọ bó ṣe tó, M25 tó yí ìlú wọn po, tí wọ́n parí ní 1986, gùn tó kìlómítà 188. Ìjọba Ajímọ̀bí gbé apá àkọ́kọ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ìjọba Mákindé gbà á padà, ó sì fún ẹlòmíràn. Nǹkan bíi kìlómítà 32 ni apá yìí, láti òpópónà Èkó dé ọ̀nà Ifẹ̀, kí tírélà tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́ má bàa gòkè dé Ìwó Road rárá. Awuyewuye ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ẹbí onílẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì ọ̀nà náà. Ilẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí a máa ṣọ́, ju ọ̀dà ojú títì lọ: bí a bá fi ààyè ọjà, gáréèjì àti ibi ìsinmi tírélà sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí onílé tó dé, Bódìjà yóò mí.