Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ Ẹsẹ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrìn Àgbàlagbà Alátọ̀gbẹ

Ní Ìkòròdú, Oko Odú, ilẹ̀ Lásunwọ̀n, níbi tí àwọn àgbà ti ń wọ sálúbàtà rọ́bà lọ sí ọjà àti mọ́ṣáláṣí, kò ṣàjèjì kí alátọ̀gbẹ tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ bá lórí ẹní ní alẹ́ ni yóò tó fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun. Ìrora ni olùṣọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, olùṣọ́ náà ti sùn lọ, ó sì di dandan kí a wá ohun mìíràn tí yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ fún wa.

Ohun náà ni wíwọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1882, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Beely ní kí àwọn ènìyàn dúró lórí àpò pẹlẹbẹ tí ó kún fún POP tútù, kí ojú ẹsẹ̀ wọn lè hàn níbẹ̀. Morton lo rọ́bà àti tàdáwà ní Amẹ́ríkà ní 1930. Elftman ya sinimá ẹsẹ̀ tí ń tẹ rọ́bà lórí dígí ní 1934. Ẹní rọ́bà tí Harris àti Beath, oníṣègùn Kánádà méjì, fi yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun wò, tí wọ́n sì kọ̀wé lé lórí ní 1947, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò bá iná mànàmáná tan: a kùn ún ní tàdáwà, a dà á bo bébà, aláìsàn gba orí rẹ̀ kọjá, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì ti tẹ̀ jù a dúdú kirikiri.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ ni ó la àwọn oníṣègùn lójú sí ohun tí ìtẹ̀ ń ṣe sí ẹsẹ̀ tí kò ní ìmọ̀lára mọ́. Paul Brand, ọmọ míṣọ́nnárì tí a bí ní Íńdíà ní 1914, tí ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ ní Vellore, kò gbà pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ ni ó bàjẹ́ tí egbò fi ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé bí a bá mú ẹsẹ̀ náà sinmi, egbò a san, àti pé títẹ ojú kan náà lójoojúmọ́, láìsí ìrora tí yóò mú kí ènìyàn yí ìtẹ̀ rẹ̀ padà, ni ó ń dá a sílẹ̀. Ní Carville ní Louisiana, níbi tí ó lọ ní 1966, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìbọ̀sẹ̀ tí hóró aró wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ń bẹ́ níbi tí ìtẹ̀ bá ti pọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń da oògùn sí egbò, tí ó sì jẹ́ kí aláìsàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀dọ̀ alátọ̀gbẹ ni ẹ̀kọ́ yìí yà sí. Andrew Boulton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìtẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1983. Ní 1992, Veves àti àwọn olùwádìí ní Manchester ròyìn àwọn alátọ̀gbẹ 86 tí wọ́n ṣọ́ fún nǹkan bí oṣù 30: 17% nínú wọn ní egbò, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ìtẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn iṣan kéékèèké ẹsẹ̀ ti gbẹ, àwọn ọmọ ìka ti ká kò, ọrùn ẹsẹ̀ àgbà ti gan, ìwúwo ara sì ti kó jọ sábẹ́ oríkèé ọmọ ìka. Níbi tí egbò bá ti san rí, ibẹ̀ náà ni ó tún ń padà sí, nítorí ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀súntókun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn alátọ̀gbẹ 832 ní 1971. Ọ̀súntókun yìí kan náà ni ó tọpa àìsàn kan láàrin àwọn tí ń sọ èdè Ìjẹ̀bú, tí ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, tí ń mú ènìyàn rìn tàgétàgé, ó sì tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Nítorí náà, oníṣègùn ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ gbọdọ̀ ṣọ́ra: ẹní rọ́bà a máa fi ìrìn tí kò gún hàn, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí ó fà á. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà, láàrin 2016 àti 2017, nínú àwọn 336 tí wọ́n gbà tọ́jú nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, 35.4% ni wọ́n gé ní ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí alátọ̀gbẹ, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè ní alalẹ́, ẹ wo ibi tí ó ti le tàbí tí ó pọ́n, kí ẹ sì tètè mú wọn lọ sí ọsibítù kí ó tó di egbò. Kí ìjọba sì pèsè ẹní rọ́bà àti tàdáwà fún àwọn ọsibítù wa, nítorí owó wọn kò tó owó ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí a gé.